Charis SIL: Fọ́ǹtì Tí Ó Gbé Àmì Ohùn Dúró, àti Láísẹ́ǹsì Tí Ó Dáàbò Bò Ó

Ẹni tí ó bá ń tẹ ìwé Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ti rí i pé ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò fún gbogbo èdè. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà tí ó ti ní àmì lábẹ́, bí fọ́ǹtì (àkójọ àwòrán lẹ́tà tí a fi ń tẹ̀wé) kò bá sì mọ ibi tí yóò gbé e sí, àmì náà yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Charis SIL, tí SIL, àjọ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, gbé ka orí fọ́ǹtì mìíràn tí ń jẹ́ Bitstream Charter, ń gbé e sí ibi tí ó yẹ gan-an. Lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń jẹ ààyè lójú ewé, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà dáadáa.

Láísẹ́ǹsì rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ó sọ bí a ṣe lè lò ó, ni mo fẹ́ràn jù. SIL Open Font License ni, ẹ̀dà 1.1 ti ọdún 2007. Ó gbà wá láàyè láti lo fọ́ǹtì náà lọ́fẹ̀ẹ́, láti tún un ṣe, àti láti fi í sínú ètò kọ̀ǹpútà tí a ń tà; ìwé tí a bá sì fi tẹ̀ kò bọ́ sábẹ́ rẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ àdàkọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì náà. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ta fọ́ǹtì náà lọ́tọ̀ láìfi í sínú ètò kọ̀ǹpútà, àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì kan náà, ẹni tí ó bá sì tún un ṣe kò gbọdọ̀ pè é ní Charis láìgba àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé MIT àti GPL, láísẹ́ǹsì méjì tí a ń lò fún ètò kọ̀ǹpútà. Láísẹ́ǹsì MIT kò béèrè ju pé kí a má ṣe yọ àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà kúrò. Ẹnikẹ́ni lè tún iṣẹ́ náà ṣe kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àtúnṣe rẹ̀. GPL kò gba irú èyí, ṣùgbọ́n bí a bá fi fọ́ǹtì sínú ìwé PDF, ó mú iyèméjì wá bóyá ìwé náà fúnra rẹ̀ bọ́ sábẹ́ GPL, títí tí Free Software Foundation, àjọ tí ó ni GPL, fi kọ gbólóhùn ìyọ̀ǹda kan tí ẹni tí ó ni fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ fi kún un fúnra rẹ̀.

Òfin SIL pé kí a má lo orúkọ Charis fún àtúnṣe nira díẹ̀, nítorí pé bí a bá gé lẹ́tà tí a kò lò kúrò kí fọ́ǹtì lè fúyẹ́ fún íntánẹ́ẹ̀tì, àtúnṣe ni wọ́n kà á sí. Mo ṣì fara mọ́ ọn: bí ẹnìkan bá ba ibi tí àmì ohùn ń jókòó jẹ́, kò yẹ kí àbùkù náà máa jẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣe é dáadáa. Bí ẹ bá tún un ṣe, ẹ yí orúkọ padà, kí ẹ sì fi ìwé láísẹ́ǹsì náà mọ́ ọn.