Ilé géèmù kan ní Mayfair, àti ẹṣin mi tí wọ́n pa rẹ́

Ẹṣin mi ti lọ. Kò kú lójú ìjà, kò já sí kòtò. Ọmọ tó ń dúró ti ilé géèmù ló tẹ bọ́tìnnì kan lọ́jọ́ Ajé, ẹṣin náà sì di àwátì.

Àdúgbò Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ ni ibẹ̀ wà, lókè ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì àti gàrí. Oṣù kan àbọ̀ ni mo ti ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, torí Red Dead Redemption 2 nìkan, géèmù tí èèyàn ti ń gun ẹṣin tirẹ̀ kiri, tó sì ń tọ́jú ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo àwọn yòókù ń gbá, ariwo wọn sì ń mi ilé. Èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, màá máa gbọn eruku lára ẹṣin mi.

Ohun tó mú mi lọ́kàn nínú géèmù yìí kì í ṣe ìbọn. Èèyàn lè kí èèyàn níbẹ̀! Bí Arthur, ọkùnrin tí à ń darí, bá kọjú sí ẹnikẹ́ni lójú pópó, tí o tẹ bọ́tìnnì L2 lára páàdì, àyè ìkíni á yọ. O kí i, òun náà á dá ẹ lóhùn. Mo ti gbá géèmù púpọ̀ tí àwọn èèyàn inú wọn dà bí òpó iná: o lè yìnbọn lù wọ́n, àmọ́ o ò lè sọ pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí n kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, ara mi ò gbà á, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kí Valentine, ìlú kan nínú géèmù náà, látòkè délẹ̀ kí n tó wọ ilé ọtí.

Àwọn nǹkan kéékèèké báyìí pọ̀ nínú ẹ̀. Bí o bá ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀, aṣọ rẹ á gbé e kiri. Ìbọn tí o kò bá nù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ kíṣẹ́. Irùngbọ̀n ń hù díẹ̀díẹ̀. Bí o bá fá a, o máa dúró kó tún hù ni. Ti ẹṣin ló wá jù: o ń bọ́ ọ, o ń gbọn eruku lára ẹ̀, o ń fọwọ́ pa á lára bí ẹ̀rù bá bà á, òun náà sì ń mọ̀ ẹ́ sí i, títí dé ìpele kẹrin. Tèmi ti dé ìpele kẹrin. Bí mo bá súfèé lókèèrè, eré ló máa ń sá bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé, mo gba páàdì, mo wo orúkọ àwọn oníbàárà lójú tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo tún un wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti kún ni," ọmọ náà wí. "PS4, ẹ̀rọ géèmù wa yìí, ò gbà ju orúkọ 16 lọ. Ẹnì kan fẹ́ wọlé, mo rò pé ẹ ò ní wá mọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo kúrò níbẹ̀ kẹ́yìn! Tí wọ́n bá sì pa orúkọ rẹ́, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń bá a lọ. Nọ́ńbà fóònù mi wà nínú ìwé tó fi ń kọ owó. Kò pè mí. Mo bi í léèrè ìdí, ó ń fi ìka yí wáyà páàdì, kò wo ojú mi. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun, sà, kò ní pẹ́." Inú mi ru débi pé ohùn mi bo ti àwọn oníbọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀.

Ariwo yẹn ló gbé màmá tó ni ibẹ̀ gòkè, kóńgò ìrẹsì lọ́wọ́. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa géèmù. Wọ́n bi mí pé kí ló sọnù. Mo ní ẹṣin ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Oṣù mélòó lo ti ń tọ́jú ẹ̀?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n kọjú sí ọmọ náà: "Ẹni tó sanwó tó sì fi ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wàá kó ẹrù ẹ̀ dànù?" Wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ wákàtí 10 sí iwájú orúkọ mi nínú ìwé, wọ́n ní, "Má bínú, ọkọ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà, orí òkè yìnyín ni, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì tí ipa rẹ̀ sì ń wà lẹ́yìn rẹ. Nígbà àkọ́kọ́, mo dúró wo ipa ẹsẹ̀ yẹn pẹ̀lú ayọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú mi kún. Àmọ́ ọmọ náà wá jókòó tì mí, kò sì dìde. Nígbà tí a padà dé Valentine lọ́jọ́ Ẹtì, mo fún un ní páàdì. Ó kí arúgbó kan. Arúgbó náà dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ó dá mi lóhùn!" Ó kí gbogbo òpópónà, bọ́ọ̀lù parí lẹ́yìn wa, kò mọ̀.

Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń nu páàdì kó tó fún ẹlòmíì. Bí NEPA bá mú iná lọ, ó ń kọ aago sílẹ̀, kì í ka ìṣẹ́jú tí a fi dúró de jẹnẹrétọ̀ mọ́ wa lára. Ó wá ohun ìgbọ́rọ̀ àfetí fún mi kí n lè máa gbọ́ ìdáhùn àwọn tí mo bá kí. Ní báyìí, orúkọ mẹ́rìndínlógún náà wà lórí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sì ní pa ọ̀kan rẹ́ láìpe ẹni tó ni ín. Àtẹ̀gùn wọn ṣókùnkùn ṣáá, wọ́n sì fi 200 náírà lé owó wákàtí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹṣin tuntun yìí ṣì wà ní ìpele kejì.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin.