Àgbéyẹ̀wò Weathering Master ti Tamiya lórí Àwòṣe Dánfó

Ẹni tó bá ń to àwòṣe ọkọ̀ mọ̀ pé ọ̀dà títun ló máa ń tú àṣírí iṣẹ́: bó ti wù kí a tò ó dáadáa tó, bí ara rẹ̀ bá ń dán láti òkè délẹ̀, ohun ìṣeré ọmọdé ni ojú yóò pè é. Nítorí èyí ni mo ṣe ra sẹ́ẹ̀tì A, B àti C nínú Weathering Master, àwọ̀ bíi pọ́dà tí a fi ń mú kí àwòṣe jọ ohun tó ti gbó, tí ilé iṣẹ́ Tamiya ti ilẹ̀ Jàpáánì ń ṣe, mo sì lò wọ́n lórí àwòṣe bọ́ọ̀sì Volkswagen T3 tí ilé iṣẹ́ Revell ṣe, ìwọ̀n 1/25 (mìlímítà 1 lára rẹ̀ dúró fún mìlímítà 25 lára ọkọ̀ gidi), tí mo kùn ní àwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú ìlà dúdú méjì gẹ́gẹ́ bí dánfó Èkó.

Sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan jọ ike pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin fi ń kó pọ́dà ojú. Àwọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá kékeré kan tó ní fóòmù lórí kan, tó ní búrọ́ọ̀ṣì lórí kejì. Sẹ́ẹ̀tì A ní iyanrìn, iyanrìn tó mọ́ díẹ̀ sí i, àti ẹrẹ̀. B ní yìnyín, èéfín àti ìpáàrà. C ní ìpáàrà aláwọ̀ ọsàn, àwọ̀ irin ìbọn àti fàdákà. Mo kọ́kọ́ fi yìnyín rẹ́rìn-ín, torí kí la fẹ́ fi yìnyín ṣe ní Ìkòròdú? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ òrùlé ọkọ̀, ìyeyè ibẹ̀ ṣá bí èyí tí oòrùn ti pa fún ọdún pípẹ́.

Èéfín inú B ló dára jù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì T3 wà, abẹ́ ẹ̀yìn náà sì ni sálẹ̀ńsà ti ń tu èéfín. Mo fi fóòmù tẹ ìwọ̀nba síbẹ̀, mo sì fi ìka nù ún lọ sókè títí a kò fi mọ ibi tó parí sí mọ́.

Eruku gba ọgbọ́n díẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà abẹ́lé kan ní Ìgbógbo nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé pupa ni eruku wa. Ẹrẹ̀ inú A dúdú jù, iyanrìn rẹ̀ sì mọ́ jù; ìgbà tí mo po ẹrẹ̀ náà mọ́ ìpáàrà aláwọ̀ ọsàn ni mo tó rí àwọ̀ tí mò ń wá. Àwọn kan yóò ní kí n kúkú bu erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi, ó ṣe tán, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n hóró erùpẹ̀ tó fẹ̀ tó mìlímítà 1 dà bí òkúta mìlímítà 25 lára ọkọ̀ ìwọ̀n 1/25, ọkọ̀ wo ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ lára?

Ní ti ìpáàrà, àwọ̀ nìkan ni sẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí lè fúnni, bẹ́ẹ̀ ìpáàrà tòótọ́ a máa jẹ ọ̀dà títí yóò fi ṣí. Hairspray, èyí tí a ń fín sí irun kí ó lè dúró, ni mo fi ṣe èyí: a ó kun àwọ̀ ìpáàrà sísàlẹ̀, a ó fín hairspray lé e, a ó sì fi ọ̀dà acrylic (irú èyí tí a ń fi omi pò) aláwọ̀ ìyeyè bò ó. Bó bá gbẹ, a ó fi omi rin ibi tí a fẹ́, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha á. Omi yóò tú hairspray, ìyeyè yóò sì bó ní wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn èyí ni Weathering Master tó wúlò: ìpáàrà B sí àárín ojú ibi tó bó, ti C sí etí rẹ̀, kí a fà á wálẹ̀ bí ipa omi òjò. Etí ilẹ̀kùn tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa ń dì mú kì í dógùn-ún bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ló máa ń nu ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Fàdákà ni mo fi síbẹ̀.

Bí gbogbo irú rẹ̀, Weathering Master máa ń ṣí bí a bá ń fọwọ́ kàn án lemọ́lemọ́. Fáníìṣì tí a bá fín lé e yóò dì í mú, ṣùgbọ́n yóò pa àwọ̀ eruku rẹ́ díẹ̀. Èmi a máa fín fáníìṣì tí kò dán kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ojú tó ń dán kì í gbà á dáadáa, mo sì kan ọkọ̀ náà mọ́ pátákó kí ẹnikẹ́ni má baà gbá ara rẹ̀ mú. Ẹ má fín fáníìṣì lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin ọ̀sà bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, torí ojú rẹ̀ lè funfun bí ẹfun.

N kò rí Weathering Master rà ní Ìkòròdú. Ẹni tó ń kó ọjà wọlé ni mo rán. Ẹni tí owó rẹ̀ ká ẹyọ kan péré, kí ó ra B. Bó bá jẹ́ dánfó ló ń tò, kí ó fi C kún un kí ó tó ronú kan A.