Micra ní Ìbàdàn: ohun tí mo ti rí nídìí ọkọ̀ kékeré yìí

Bí ẹ bá dúró ní Mọ́kọ́lá láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, Micra lẹ́yìn Micra ni ẹ ó máa rí. Mo ní méjì. Ọ̀kan ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti Apáta, èkejì wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń fi ṣe tákísí. Mo mọ ọkọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wà á, mo sì mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń retí owó lórí rẹ̀.

Ìran Micra tí wọ́n ń pè ní K11 ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, èyí tí Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1992. Òun ni wọ́n yàn ní Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù ní 1993. Ẹnjìnnì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ lítà 1.0 tàbí 1.3, ṣéènì ló sì ń yí tàìmíìnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì.

Kò jẹ epo rárá. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan fò láti ibi tí kò tó 200 náírà sí nǹkan bí 500, ọ̀pọ̀ aládùúgbò mi gbé jíìpù wọn pamọ́ sílé. Tèmi ò dúró.

Àmọ́ kì í ṣe epo ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ṣáfútì ọkọ̀ mi, irin tó ń yí táyà iwájú, bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́kọ́kọ́ nígbàkigbà tí mo bá ká ọwọ́ sítíárìn dé òpin. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fi sọ ẹsẹ̀ tó ń ṣe é. Wọ́n rán ẹnì kan lọ sí Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì, ó gbé ṣáfútì tòkunbọ̀ bọ̀ nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ̀ wo ló tún rọrùn tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo iye ẹnu tí ọkọ̀ kan ń bọ́: awakọ̀, mẹkáníìkì, rẹ́wáyà, fọ́gánáísà, páńẹ́bítà, àwọn tó ń ta páàtì ní Géètì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé ìlú yìí kan náà ni Leyland ti ń to ọkọ̀ ńlá àti Land Rover pọ̀ láyé ìjọ́sí, nígbà tí Peugeot wà ní Kàdúná, tí Volkswagen wà l'Ékòó. Ọgbọ́n ọwọ́ ò kú ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ tí àwọn èèyàn Yúróòpù ti lò gbó ni àwọn ọmọ wa ń sọ jí lójoojúmọ́, ó sì yẹ kí a fún wọn ní iṣẹ́ tó ju èyí lọ.

Àléébù rẹ̀ wà o. Ìpata ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù lọ́hùn-ún máa ń jẹ irin. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ awakọ̀, kí ẹ fi ìka kan irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n ta fún mi dán gbinrin lójú, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ ló sì wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ má ra ọtọmátíìkì rẹ̀: CVT ni, ìyẹn gíá tí kò ní ìpele, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ò pọ̀. Nínú gò-sílò Ìwó Road, ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára géèjì ooru, torí rédíétọ̀ tó ti dí lè jó gásíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ríbi yà sí.

Èyí tó ká mi lára jù ni èrò méjì tí wọ́n ń kó sórí ìjókòó iwájú kan ṣoṣo. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, bẹ́líìtì ìjókòó kan ló wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò dá ẹnì kejì dúró bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ mi má ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tó ń jábọ̀ fún mi dínkù nítorí rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e fún awakọ̀ lọ́nà hire purchase, kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ta ni yóò máa san owó àtúnṣe. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ tí yóò máa gba márosẹ̀ Èkó lójoojúmọ́, kó wá ọkọ̀ tó wúwo ju Micra lọ. Ní ti àárín ìgboro Ìbàdàn, mi ò tíì rí èyí tí màá fi pààrọ̀ tèmi.