Òrùlé Fóòmù àti Fáíbà fún Ilé Orí Táyà: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Oṣù 14

Nígbà tí ó kan orí ilé kékeré tí mo ń fọwọ́ ara mi kàn sórí táyà méjì, èyí tí ọkọ̀ mi yóò máa fà lẹ́yìn, pláíwúùdù oní-mílímítà 12 ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé òun ni ọwọ́ mi mọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀, àyà mi já. Òrùlé náà gùn ní mítà 3, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.8, pláíwúùdù nìkan yóò ti wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 39 kí n tó fi igi ìdábùú kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀. Ẹrù tó wà lókè kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ẹrù tó wà nísàlẹ̀, nítorí pé bí atẹ́gùn bá gbá ilé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tí ọkọ̀ bá yà lójijì, ẹrù òkè ni yóò fẹ́ dojú rẹ̀ dé.

Ohun tí mo wá lò ni fóòmù láàárín, pláíwúùdù oní-mílímítà 3 nísàlẹ̀, àti aṣọ fáíbà (aṣọ tí a fi fọ́nrán gíláàsì hun) ìpele méjì tí mo fi oje epoxy, oje tó máa ń le bí a bá fi amúle pò ó, rin lókè. Tòun ti igi etí àti ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílógíráàmù 30 lọ, èmi àti àbúrò mi nìkan ni a sì gbé e gun orí ògiri. Agbára rẹ̀ kò sí nínú fóòmù, ohun tí ènìyàn lè fi ìka tẹ̀ wọnú. Bí ẹrù bá wà lórí òrùlé, awọ òkè (fáíbà) ni ó ń fún pọ̀, awọ ìsàlẹ̀ (pláíwúùdù) ni ó ń nà, iṣẹ́ fóòmù kò sì ju pé kí ó mú àwọn méjèèjì jìnnà síra, kí wọ́n má sì yọ̀ lórí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé gọ́ọ̀mù gan-an ni òrùlé yìí: níbi tí awọ bá ti ṣí kúrò lára fóòmù, kò sí agbára kankan níbẹ̀ mọ́.

Fóòmù tí mo rà ni polystyrene aláwọ̀ búlúù tí ojú rẹ̀ ń dán, tí mítà kúbíìkì kan rẹ̀ wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 32. Ẹ má ṣe fi funfun oníhóró tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí rọ́pò rẹ̀, nítorí omi a máa gba àárín hóró rẹ̀ kọjá, ó sì máa ń rún bí ayùn bá kàn án. Èyí búlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, ọ̀bẹ tó mú sì tó láti gé e. Àbùkù rẹ̀ ni dídán ojú yẹn, nítorí gọ́ọ̀mù kì í di ohun tó ń dán mú dáadáa. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń fi sáńpépà ha á, tí eruku búlúù wọ inú irun mi dé inú etí.

Ọ̀rọ̀ oje ni ó ká mi lára jù. Ẹni tó ta aṣọ fáíbà fún mi fi dá mi lójú pé oje polyester, tí owó rẹ̀ kò tó ti epoxy, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Orí ló yọ mí tí mo kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù. Mo da ìwọ̀n ṣíbí kan lé fóòmù náà lórí. Kí n tó dé agolo náà tán, ojú ibẹ̀ ti ń rì, ó ń hó wúruwùru, kò sì pẹ́ tí ó fi di ihò tí àtàǹpàkò mi lè wọ̀. Èròjà styrene tó wà nínú oje polyester ni ó ń yọ́ polystyrene bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀. Epoxy kò ní in nínú, nítorí náà nínú oje méjèèjì, òun nìkan ni ó yẹ kí ó kan fóòmù yìí. Ẹni tó bá tà á fún yín lè má mọ ìyàtọ̀. Ẹ fi àjákù bi í.

Òrùlé tó tẹ́ pẹrẹsẹ a máa dá omi dúró, mo sì fẹ́ kí àárín tèmi ga ju etí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 4. Fóòmù tó nípọn tó mílímítà 40 kọ̀, kò tẹ̀, nítorí náà oní-mílímítà 20 ni mo lò lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ́ pláíwúùdù náà sórí àwọn igi ìdábùú tí mo gé ní ìrísí ọrun ọdẹ, mo lẹ fóòmù àkọ́kọ́ mọ́ ọn, mo sì lẹ èkejì lé e lórí lọ́nà tí oríkèé wọn kò fi ṣe déédéé ara wọn. Gọ́ọ̀mù polyurethane ni mo fi lẹ̀ wọ́n. Omi díẹ̀ tí a bá wọ́n sí i ni ó ń jẹ́ kí ó gan, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń gan ni ó ń wú, bí ẹrù kò bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò gbé fóòmù dìde. Àpò yanrìn 16 ni mo tò sórí rẹ̀. Nígbà tí mo kó wọn kúrò lọ́jọ́ kejì, òrùlé náà dúró ní títẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ ẹ, láìsí ohun tó dì í mú, nítorí pé ìpele méjì tó ti lẹ̀ mọ́ra kò lè yọ̀ padà mọ́. N kò mọ̀ pé mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe mi níbi epoxy ni pé mo po púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n oje 2 sí amúle 1 ni tèmi, mo sì po kọ́ọ̀bù ńlá kan kún dẹ́nu lọ́sàn-án tí oòrùn mú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ́ọ̀bù náà wó sínú ara rẹ̀, èéfín sì ń jáde, nítorí pé ooru tí oje náà ń pèsè bó ṣe ń le kò ríbi jáde nínú ohun tó jìn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń po díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń dà á sínú àwo pẹrẹsẹ kíákíá. Ẹ má sì rò pé bí amúle bá pọ̀ ni yóò yá. Rírọ̀ ni yóò máa rọ̀ títí. Ibọ̀wọ́ kò ṣeé yọ sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí.

Gbogbo ihò tí ẹ máa lu ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó bo fóòmù, nítorí pé síkúrù kò lè di fóòmù mú, igi ni ó ń fẹ́. Mo rántí ti fáànù òrùlé, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 35.5 níbùú lóròó, mo sì fi igi tí ó nípọn bíi fóòmù yí i ká. Ti ọ̀pá tó gbé ìbòjì oòrùn ni mo gbàgbé. Síkúrù rẹ̀ kàn ń yí lófo ni, ojú òrùlé sì ń tẹ̀ wọnú lábẹ́ rẹ̀. Mo ní láti mú ihò náà fẹ̀ sí i, kí n fi ìṣó tí mo tẹ̀ lórí gbẹ́ fóòmù inú rẹ̀ jáde, kí n rọ epoxy tó ki dí i, kí n tó tún un lu.

Mo wọn kílógíráàmù 78. Mo dùbúlẹ̀ láàárín òrùlé náà, okùn tí a fà láti etí dé etí lábẹ́ rẹ̀ sì fi hàn pé kò rọ̀ ju mílímítà 4 lọ. Láti oṣù 14, kò jò. Mo kùn ún ní ọ̀dà funfun, nítorí pé oòrùn ń ba epoxy jẹ́, fóòmù náà sì ń rọ̀ bí ó bá gbóná jù. Ẹ̀ka igi kan dá ojú rẹ̀ lu, ìwọ̀n owó ẹyọ kan. Pláíwúùdù lókè ìbá ti gba ìyẹn mọ́ra. Fóòmù yìí máa ń jóná pẹ̀lú èéfín burúkú, nítorí náà ìta ni mo ti ń dáná.

N óò tún ra fóòmù yìí àti epoxy, ṣùgbọ́n n kò ní kánjú níbi etí. Aṣọ fáíbà kì í gbà kí a ṣẹ́ ẹ lórí igun tó mú, mo sì fi ìkánjú fi igun òsì sílẹ̀ láìfi sáńpépà yí i róbótó. Afẹ́fẹ́ há sábẹ́ aṣọ náà níbẹ̀, ó gùn tó ọ̀pá ìka mi, bí mo bá sì fi èékánná kàn án, ó máa ń dún kò-kò bí ìkarahun ẹyin. Bí òjò bá ti dá, ibẹ̀ ni máa kọ́kọ́ là.