Àwòrán ìyá mi tí mo lọ gbà lọ́nà Ouando

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Porto-Novo, tẹ́ ẹ bá ní fọ́tò ẹbí tó ti ń parẹ́, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà ọjà Ouando, obìnrin ló ni ín, ọ̀dà ló fi ń ya èèyàn sórí kánfáàsì. Fọ́tò ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo gbé lọ, etí ẹ̀ ti ya, 30,000 CFA ló pè é, mi ò tiẹ̀ ná an.

Àwòrán kan wà lára ògiri ẹ̀, ìyá kan wọ aṣọ dúdú ó ń kàwé, ọmọ ẹ̀ obìnrin jókòó tì í nínú aṣọ funfun. Mo ní tàǹtí, ta lèyí? Ó ní Berthe Morisot, obìnrin ayàwòrán ará Faransé, ló yà á láàárín 1869 sí 1870, ìyá ẹ̀ àti Edma ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí jọ kọ́ṣẹ́ àwòrán ni o, àfi bí Edma ṣe wọlé ọkọ ní 1869 tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, oyún ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀ níbi tó jókòó sí yẹn. Ó dùn mí gan-an. École des Beaux-Arts, iléèwé ọnà ìjọba ní Paris, ò gba obìnrin títí di 1897, Berthe sì ti kú ní 1895.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé Berthe fẹ́ gbé àwòrán yẹn lọ sí Salon 1870, ìpàtẹ àwòrán ńlá ti Paris, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ó bi Manet, ọkùnrin ayàwòrán tó lórúkọ, àfi kí Manet mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ aṣọ ìyá títí dé orí, kò dúró. Wọ́n gbà á ní Salon lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú Berthe bà jẹ́, ọwọ́ ẹlòmíì ti wọ iṣẹ́ ẹ̀.

Tèmi náà dé, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ju ọjọ́ tó dá, ìyẹn ò dáa, mo ti pe èèyàn wá wò ó. Gèlè ẹ̀gbọ́n mi ò sì pọ́n tó ti inú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mi! Àpá epo gbígbóná tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ẹ̀ látìdí àkàrà tó ń dín, ó yà á síbẹ̀, èmi gan-an ò mọ̀ pé ó hàn nínú fọ́tò yẹn, mo dúró ti ojú ọ̀nà mo ń sunkún.

Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n gbé e wá, òun máa fi ọ̀dà pupa kún gèlè yẹn. Mo ní ẹ má bínú, ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kàn án.