Ìje kan tàbí méjì: Hodgkinson àti Holmes

Ọ̀dọ́ tó ń sá mítà 800 kì í pẹ́ béèrè: ṣé kí n dúró sórí rẹ̀, àbí kí n fi 1500 kún un?

Ní ti wàhálà ara, ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Keely Hodgkinson, obìnrin sárésáré ará Britain, gbájú mọ́ 800 nìkan ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024: ìgbà mẹ́ta péré ló sáré, láti ìpele àkọ́kọ́ dé àṣekágbá, ó sì gba wúrà. Kelly Holmes, ará Britain bíi tirẹ̀, mú méjèèjì ní Òlíńpíìkì Athens ní 2004, ó sì ti pé ẹni ọdún 34: ìgbà mẹ́fà ló sáré láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án! Nínú àṣekágbá 800, ẹ̀yìn ló wà níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń lé wọn bá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ojú rẹ̀ lórí ìlà ìparí: ó ranjú, ẹnu ṣí sílẹ̀, kò tíì dá a lójú pé òun ló borí. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó gba wúrà 1500.

Ewu ìje méjì ni kí ẹsẹ̀ fara pa. Holmes fúnra rẹ̀ ti fara pa ní Athens yìí kan náà ní 1997.

Àmọ́ ìje kan ṣoṣo pàápàá léwu tirẹ̀, torí bó bá bọ́, kò sí òmíràn. Ní Òlíńpíìkì Moscow ní 1980, Steve Ovett na Sebastian Coe, ará Britain bíi tirẹ̀, ní 800, àmọ́ Coe ṣì ní 1500 níwájú. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Coe gba wúrà 1500.

Ẹni tí ẹsẹ̀ máa ń yọ lẹ́nu, tó sì yára gan-an, 800 nìkan ni mo máa ní kó mú. Ẹni tí ara rẹ̀ ń tètè bọ̀ sípò, kó mú méjèèjì.