Àgbéyẹ̀wò ìkànnì tí ń ṣírò ọ̀nà bàálù láti pápákọ̀ kan sí òmíràn

Ìkànnì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń ṣírò bí pápákọ̀ òfuurufú méjì ṣe jìnnà síra àti àkókò tí bàálù yóò lò láàrin wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó níbi iṣẹ́ mi ní Òkè-Ìlẹ̀wó, níbi tí mo ti ń bá àwọn ará Abẹ́òkúta ṣètò ìrìnàjò. Ní ti jíjìn, mo fọkàn tán an. Ní ti àkókò, pàápàá láàrin àwọn pápákọ̀ kéékèèké, n kì í fi ohun tí ó bá sọ dá oníbàárà lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Bí ẹ bá tẹ IBA àti AKR, tí í ṣe àmì ìdánimọ̀ àwọn pápákọ̀ méjèèjì, kíá ni yóò sọ fún yín pé nǹkan bí kìlómítà 146 ni, ìyẹn máìlì 91. Òótọ́ ni, nítorí pé ìlà tààrà ni wọ́n fà láti Alákìà dé Àkúrẹ́, láìka Ifẹ̀, Iléṣà àti gbogbo kọ́nà tí mọ́tò ń yà sí. Ẹni tí yóò bá wọ mọ́tò kò gbọdọ̀ wo iye yìí rárá.

Ìṣẹ́jú 41 ni ó kọ fún àkókò bàálù. Wọ́n ṣàlàyé ìṣirò náà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé: wọ́n gbà pé máìlì 500 ni bàálù ń sáré ní wákàtí kan, wọ́n sì fi ìṣẹ́jú 30 kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ó bá Èkó sí Àbújá mu dáadáa, nítorí pé kìlómítà tí ó lé ní 500 ni ọ̀nà náà, bàálù á sì ti gòkè dé ibi tí ó ti lè na eré rẹ̀. Ìṣẹ́jú 68 tí ó kọ síbẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àwọn arìnrìnàjò ń bá pàdé. Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn sí Àkúrẹ́, bàálù kò ní tíì gòkè tán tí yóò fi máa múra àtisọ̀kalẹ̀. Bàálù bí ATR 72, tí a ṣe fún irú ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀, kì í sáré ju nǹkan bí kìlómítà 500 ní wákàtí kan, nígbà tí máìlì 500 tiwọn ju kìlómítà 800 lọ. Nínú ìṣẹ́jú 41 yẹn, 30 jẹ́ iye tí wọ́n kàn gbé lé e. 11 péré ni ti ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ìkànnì náà kì í sọ bóyá bàálù kankan ń ná ọ̀nà náà. Ìyá kan tí ó fẹ́ lọ ṣe ìnáwó ní Àkúrẹ́ wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ ti fi ìṣẹ́jú 41 náà hàn án lórí fóònù, Màmá sì ti pinnu pé Ìbàdàn ni àwọn yóò ti wọ bàálù. Mo wá tíkẹ́ẹ̀tì tí ó lọ tààrà, n kò rí. Ìkẹjà ni mo padà ní kí wọ́n ti gbéra, ó sì gba àlàyé gígùn kí wọ́n tó gbà pé n kò fẹ́ fi owó wọn ṣòfò.

Bí wọ́n bá lè jẹ́ kí a máa yan irú bàálù, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí kò bá sí ọkọ̀ tí ń lọ tààrà, iṣẹ́ náà yóò pé. Kí wọ́n tún fi pápákọ̀ Gateway ti ìpínlẹ̀ wa, ní agbègbè Ìlíṣàn àti Ìpẹru, kún àkójọ wọn, nítorí pé n kò bá a níbẹ̀ nígbà tí mo wá a.